Tókìn Bàbá Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé ara ń le? Ẹlẹ́dàá mi á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Àwa náà wà, a ń dúpẹ́. Òjò ti dé, ewúrẹ́ funfun ti bímọ, òrùlé yàrá rẹ sì ti ń jò.

Ìyá télọ̀ ní ṣé torí kó o lè di mẹ́gáàdì lo ṣe kàwé tó báyẹn. Mo ní kó gbẹ́nu ẹ̀ dákẹ́! Ṣebí o ṣàlàyé géètì inú kọ̀ǹpútà tó ò ń ṣe fún mi lórí fóònù, pé ẹni tó bá ń bọ̀ á mú tókìn, bíi káàdì ìdánimọ̀, tó ń sọ irú ẹni tó jẹ́ lọ́wọ́, géètì á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kì í ṣe ayédèrú, á wá fi ohun tó sọ ránṣẹ́ sáwọn ẹ̀rọ inú lọ́hùn-ún, kí wọ́n má bàa tún máa bi í pé ta ni. Ṣé àwọn ẹ̀rọ yẹn sì ń jẹun lásìkò?

Ìgbàgbé bàbá rẹ ti le sí i. Láàárọ̀, á wò mí títí bí ẹni ń wo inú kùrukùru, á wá kí mi bí àlejò. Ó ń dùn mí, ọmọ mi. Ni mo bá ní kí télọ̀ ran tókìn tiẹ̀ sára aṣọ kékeré kan: orúkọ ẹ̀, pé káfíńtà ni, pé ọkọ mi ni, pé òun ló bí ọ. Mo fi píìnì kọ́ ọ mọ́ ọn láyà. Nígbà tá a dé ọsibítù, onígéètì kà á, ó ní ó dáa, ó bá yọ ọ́ sápò ara ẹ̀, ó ní kí bàbá wọlé, kí èmi dúró síta. Yéè! Nọ́ọ̀sì inú bi í pé ta ni, bàbá rẹ rẹ́rìn-ín, ó ní ilẹ̀kùn ni wọ́n pe òun wá tún ṣe. Kí n tó ráyè wọlé, ó ti tú ilẹ̀kùn dókítà palẹ̀.

Lọ́sàn-án àná, oorun gbé mi lọ. Mo lálàá pé bàbá rẹ ń rìn nínú ilé gígùn kan tí kùrukùru funfun kún, ilẹ̀kùn ń rọra ṣí fúnra wọn, àwọn ẹ̀rọ rẹ ń dìde, wọ́n ń dárúkọ ẹ̀, wọ́n ń kí i káàbọ̀. Ojú ẹ̀ ń tàn. Mi ò fẹ́ jí.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bi mí ẹni tí mò ń kọ̀wé sí. Mo sọ fún un. Ó ní ọmọ yẹn mà dáa o, ta ló bí i?

Fi owó páànù díẹ̀ ránṣẹ́. Tí kò bá tó, má wulẹ̀ fi ránṣẹ́, fi wọkọ̀ wá. Bẹ ọ̀gá rẹ kó bá ọ ṣọ́ géètì. Ilẹ̀kùn ire ò ní tì mọ́ ọ o. Tí bàbá rẹ bá bi ọ́ pé ta ni ọ́, má bínú, má sì sunkún lójú ẹ̀. Èmi á ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Sọ ẹni tó o jẹ́ fún mi, màá bá ọ gbé e wọlé fún un.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.