Àwọ̀n Tí Ojú Tó, Tí Ọwọ́ Kò Tó

Zion Pepe,
Ọjọ́ Ajé.

Rejoice, ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìlú Èkó. Ọlọ́run tí ó fi omi yí wa ká tí kò jẹ́ kí ó gbé wa lọ yóò máa ṣọ́ ọ. Ara èmi àti ìyá rẹ le. Òrùlé nìkan ni ó ń jò, páànù méjì péré.

O sọ lórí fóònù pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé iṣẹ́ yín ni o ń ṣọ́, pé o ń kọ ìròyìn ibi tí ó bá ti já. Mo bi tíṣà Lawrence, ó ní nẹ́ẹ̀tì ni àwọ̀n, wọ́ọ̀kì ni iṣẹ́. Ó dára bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ìdílé wa náà ni o ń ṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ orí ilẹ̀ gbígbẹ.

O ní ọ̀gá rẹ fẹ́ kí gbogbo ọ́fíìsì máa rí ìròyìn náà nínú kọ̀ǹpútà tiwọn, àti pé bí kò bá ṣeé ṣe kí oṣù tó parí, wọn yóò gba ẹlòmíràn sí ipò rẹ. Mo ti fẹ́ sọ pé kí o má gbà, nítorí ta ni ń fi ibi tí àwọ̀n rẹ̀ wà han aládùúgbò?

Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, àwọ̀n mi tuntun, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́sàn-án náírà, já lójú omi Abereke. Godspower, apẹja ẹgbẹ́ mi, rí i tí ó ń léfòó lọ, kò mọ̀ pé tèmi ni, nítorí n kò sọ ibi tí mo dẹ ẹ́ sí fún ẹnikẹ́ni. Ó ní ẹni tó fi àwọ̀n pamọ́ fún ará ilé, ó ti fi pamọ́ fún ara rẹ̀. Gbogbo èbúté rẹ́rìn-ín. Ìdajì rẹ̀ ni mo rí gbà padà.

Mo ra ṣọ́ọ̀kì igba náírà, mo fi pákó ọkọ̀ tó ti gbó ṣe pátákó sí èbúté, mo ń kọ ibi tí àwọ̀n wà síbẹ̀ láràárọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, Moríkẹ́ tó ń ná ọjà Awoye, tó ti ka pátákó, wá sọ pé okùn àwọ̀n mi ti tú. Mo bá àwọ̀n náà kí omi tó gbé e lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹrin Kòkúmọ́, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ èbúté, fi ìka nu Abereke, ó kọ Awoye, ó ní eré ni. Mo gba pátákó gbọ́ ju orí ara mi lọ, epo lítà mẹ́ta ni mo fi wa ọkọ̀ lọ Awoye lásán. Mo ti gbé pátákó náà sókè báyìí.

Nítorí náà, ṣe ohun tí ọ̀gá rẹ wí. Jẹ́ kí wọ́n rí i láti ibikíbi, ṣùgbọ́n gbé e sí ibi tí ojú tó, tí ọwọ́ kò tó.

Bí àwọ̀n ọ́fíìsì yín bá gbó, má jẹ́ kí wọ́n dà á nù, fi í ránṣẹ́ sí Igbókòdá, èmi yóò lọ gbà á níbẹ̀, n óò tún un hun. Bí kò bá sí, fi ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ránṣẹ́ fún okùn tí n óò fi tún tèmi ṣe. Ẹgbẹ̀rún méjì wà lọ́wọ́ mi.

Àwọ̀n rẹ kò ní já. Bí ó bá sì já, ojú tí yóò tètè rí i kò ní wọ́n ọ.

Èmi bàbá rẹ,
Sunday Olówòkéré