Ìyá Ràfíátù Ní Kí N Búra
Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Ó rẹ̀ mí gan-an. Ìyá Ràfíátù gbé ọmọ rẹ̀ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára èèyi lónìí, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ búra pé kò ní ṣe é ní nǹkan kan."

Mi ò lè búra. Mo ní ara ọmọ lè gbóná díẹ̀, àmọ́ èèyi máa ń pa ọmọ. Ló bá gbé ọmọ rẹ̀ lọ.

Ọ̀gá mi bínú. "Ta ló ní kó o sọ ti ara gbígbóná? Ìwọ lo lé e lọ!" Bóyá òótọ́ ni. Mi ò lè fẹnu kan oúnjẹ.

Nígbà tí a fẹ́ tilẹ̀kùn, Ìyá Ràfíátù àtọkọ rẹ̀ ti oko kaṣú dé, ó pọn ọmọ náà. Ó ní, "Ẹ sọ fún un bí ẹ ṣe sọ fún mi."

Mo tún un sọ. Ọkọ rẹ̀ gba ọmọ náà, ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè.