Ìwé Funfun Tí Mo Wá Tì

Ìjàn-Èkìtì,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀.

Dùnmínínú ọmọ mi,

Bí lẹ́tà yìí ṣe ń kúrò lọ́wọ́ mi, kí àlàáfíà bá a wọlé tọ̀ ọ́ ní Èkó. Ṣé ara le? Ṣé òjò kò wọ yàrá rẹ mọ́? Ṣé àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ ń ṣe dáadáa sí ọ? Èmi àti màmá rẹ wà láàyè, a sì ń dúpẹ́. Orúnkún màmá rẹ ṣì ń dùn ún, ṣùgbọ́n kò dí i lọ́wọ́ láti lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ akọrin, oko nìkan ni kì í jẹ́ kó lọ. Ó ní kí n kí ọ, kí n sì sọ fún ọ pé usu tuntun ti jáde. Bí ó ṣe pè é ni mo ṣe kọ ọ́ yẹn, mo mọ̀ pé iṣu ni wọ́n ń kọ, iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Má bínú pé lẹ́tà tọ̀tẹ̀ yìí yóò gùn. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀yìn ìwé ìkéde ṣọ́ọ̀ṣì ni mo máa ń kọ lẹ́tà sí, tí mo ń fún ọ̀rọ̀ pọ̀ kí ó lè gbà á, ṣùgbọ́n báyìí mo ti ní bébà gidi lọ́wọ́, mo sì fẹ́ sọ gbogbo ohun tó wà nínú mi. Mi ò fẹ́ pè ọ́ nítorí pé ọ̀rọ̀ orí fóònù máa ń já láàárín, àti pé o sunkún lórí fóònù lọ́jọ́ Sátidé, mi ò fẹ́ gbọ́ ẹkún yẹn mọ́. Ọmọ mi, ẹkún náà wọ̀ mí lára. Iyán tí màmá rẹ gún lọ́jọ́ yẹn, bó ṣe gbé e sílẹ̀ ló ṣe gbé e kúrò.

Ọ̀rọ̀ ìwé funfun náà ni mo fẹ́ jábọ̀ fún ọ. Kí n tò ó bó ṣe rí, kí ó lè yé ọ pé mi ò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Nígbà tí o kó àwọn ìwé rẹ ránṣẹ́ nítorí òjò tó ń wọ yàrá rẹ, èmi fúnra mi ni mo lọ gbà wọ́n lọ́wọ́ awakọ̀ ní gáréèjì Fájuyì ní Adó. Awakọ̀ náà bi mí pé kí ló wúwo tó báyìí, mo ní ìwé ni, ó ní ṣé ọmọ yín fẹ́ ṣe lọ́yà ni, mo ní rárá, ó kàn ń kó wọn jọ ni. Ó wò mí, ó sì bá mi gbé wọn sọ̀kalẹ̀. Mo kó wọn sínú yàrá tí o ń sùn nígbà tí o wà ní kékeré, mo ti ilẹ̀kùn. O ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n, ẹnikẹ́ni kò sì fọwọ́ kàn wọ́n. Àlùfáà wa pàápàá fẹ́ wo ọ̀kan, mo fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ sọ fún un pé kò ṣeé ṣe. Èmi nìkan ni mo fọwọ́ kàn wọ́n.

Nígbà tí mo ṣí páálí àkọ́kọ́, àánú rẹ ṣe mí. O ti ṣàlàyé fún mi pé ìwé àti ìwé ìròyìn tí àwọn ayàwòrán ilẹ̀ òkèèrè fọwọ́ ara wọn ṣe láyé àtijọ́ ni, pé díẹ̀ ni wọ́n tẹ̀, pé o ti ń wá wọn kiri láti ìgbà tí o ti jáde yunifásítì. Mi ò mọ̀ pé bí wọ́n ṣe rẹ́ ọ jẹ nìyí. Ìwé ìròyìn kan wà nínú àpótí tí wọn ò rán rárá, ewé rẹ̀ tú ká lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò sí nọ́ńbà lójú ewé kankan. Ọ̀kan wà tí ihò onígun mẹ́rin gba àárín rẹ̀ já láti iwájú dé ẹ̀yìn. Eku ilẹ̀ òkèèrè mọṣẹ́ o, ihò náà gún régé. Òmíràn, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fọ́n káàkiri ojú ewé bí ẹ̀wà tó dà nù. Rọ́bà pẹlẹbẹ roboto kan, tí ìlà wẹ́wẹ́ yí po, tó ní ihò bíńtín láàárín bíi ti àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, sì já bọ́ láti inú ọ̀kan, mo rò pé wọ́n fi ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀ ni, màmá rẹ ti ń fi í bo ìkòkò omi báyìí. Mo ní kí ó máa fọ̀ ọ́ dáadáa.

O mọ̀ pé èmi ni mo ń tún ìwé orin ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Lọ́dọọdún kí Ìkórè tó dé, wọn a kó gbogbo èyí tó ti já wá bá mi, màmá rẹ a po ṣítáàṣì ẹ̀gẹ́, èmi a mú abẹ́rẹ́ ńlá àti òwú, tó bá fi máa di ọjọ́ Ìkórè, ewé orin kì í já bọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Mo wá bi ara mi pé ṣé ìwé ọlọ́mọ-ọlọ́mọ ni n ó máa tún ṣe, tí n ó fi ti ọmọ tèmi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Mo lọ ra òwú tó nípọn ní Ọjà Ọba ní Adó. Mo to ewé tó tú ká yẹn, èyí tó tóbi nísàlẹ̀, èyí tó kéré lókè, mo rán an le, mo kọ nọ́ńbà sí i. Mo fi páálí àti ṣítáàṣì dí ihò eku. Èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fọ́n káàkiri, mo fi báírò pupa fa ìlà láti ọ̀rọ̀ kan dé èkejì kí òǹkàwé má bàa ṣìnà, níbi tí wọ́n ti gbàgbé lẹ́tà ńlá, mo bá wọn fi í sí i. Lẹ́yìn náà ni mo fi kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì bo gbogbo wọn bí a ṣe máa ń bo ìwé yín nígbà tí ẹ bá fẹ́ wọlé sáà tuntun, mo sì kọ orúkọ rẹ gàdàgbà sí ẹ̀yìn wọn. N kò sọ fún ọ nítorí pé mo fẹ́ kí inú rẹ dùn lójijì nígbà tí o bá wálé.

Ìgbà náà ni o pè lọ́jọ́ Sátidé. O ní ilé ìkàwé kan nílẹ̀ òkèèrè ń rán ènìyàn bọ̀ ní Èkó, pé ìwé funfun yẹn nìkan ni ẹni náà ń bọ̀ wá wò, pé tí ó bá pé tí kò sì ní àbàwọ́n, wọn yóò rà á, owó rẹ̀ ni o fẹ́ fi gba ṣọ́ọ̀bù tí o ó to àwọn ìwé yòókù sí, kí ará ìlú máa wá kà wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́. O ní tí ìwé yẹn bá sọnù, kò tún sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ibẹ̀ ni o ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo ní kí o fọkàn balẹ̀, pé n ó wá a.

Mo wá a, Dùnmínínú. O ní ìwé náà funfun, pé kò sí ọ̀rọ̀ kankan lẹ́yìn rẹ̀, kò sí nínú rẹ̀, àti pé òyìnbó tó kọ ọ́ ti kú. Mo jókòó, mo ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ẹni tó bá kọ ìwé, ó ní láti kọ nǹkan sínú rẹ̀. Bí kò bá kọ nǹkan kan, kò kọ ìwé nìyẹn, ì báà ti kú, ì báà wà láàyè. Mo gbà pé ìdààmú ni kò jẹ́ kí o ṣàlàyé rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ìwé tí owó rẹ̀ lè gba ṣọ́ọ̀bù ní Èkó, ó gbọ́dọ̀ nípọn, ó sì gbọ́dọ̀ ní wúrà létí bíi Bíbélì orí pẹpẹ. Irú rẹ̀ ni mo wá, mi ò rí i.

Àwòrán rẹ̀ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù wọlé, ṣùgbọ́n kò yọ. Funfun lásán ni. Mo gbé e lọ fún Jùwọ́n tó ń báni gba iná sí fóònù lẹ́bàá ọ̀nà, ó ní kò sí ohun tó ṣe fóònù náà, pé àwòrán ti yọ, bó ṣe rí nìyẹn. Jùwọ́n kò tíì mọṣẹ́ dáadáa. Mo gbé fóònù sínú oòrùn bóyá yóò yọ díẹ̀díẹ̀ bíi fọ́tò àtijọ́, ó gbóná, ni mo bá gbé e kúrò.

Gbogbo páálí ni mo tú. Mo gbé bẹ́ẹ̀dì, mo wo orí àjà. Màmá rẹ wá inú àgbá gàrí. Nígbà tó yá mo jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn páálí yẹn, omi sì bọ́ lójú mi, nítorí pé nǹkan kan ṣoṣo ni ọmọ mi gbé lé mi lọ́wọ́ kí n bá a tọ́jú, mi ò sì lè tọ́jú rẹ̀. Bí ẹni náà bá dé, sọ fún un pé bàbá rẹ wá a tọkàntọkàn. Bí ó bá jẹ́ ènìyàn rere, fi àwọn yòókù hàn án, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti dára báyìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó wọ ọkọ̀ òfuurufú nítorí ìwé tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, máa ṣọ́ ọ o. Má fún un ní nọ́ńbà àkáǹtì rẹ. Jẹ́ kí ó gbé owó wá sí báńkì fúnra rẹ̀, kí ẹ jókòó níwájú máníjà, kí máníjà gbàdúrà sí i kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé láti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ẹ̀bùn tí o fi pamọ́ fún mi sí ìsàlẹ̀ páálí ìkẹyìn, mo ti rí i láti ọjọ́ tí ẹrù dé. Gbogbo ìgbà tí mo bá kọ̀wé sí ọ ni mo máa ń bẹ̀ ọ́ pé kí o ra bébà ìkọ̀wé fún mi, o kì í dáhùn, mo ti ń rò ó pé o kì í ka lẹ́tà mi. Àṣé o ń kà wọ́n. O fi bébà rírọ̀ wé e bí ẹni wé ẹyin. Ó dára gan-an, kò ní ìlà, bébà rẹ̀ nípọn, yíǹkì kì í sì yọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Mo gbé e lọ bá màmá rẹ níbi tó ti ń ṣa ẹ̀fọ́, mo ní wò ó, ọmọ yìí rántí mi. Ojú ẹsẹ̀ ni mo fi kàlẹ́ńdà bò ó, kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó funfun báláú yẹn má bàa dọ̀tí. Òun ni mo ń ya tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí sí ọ, bí ìwọ náà ti rí i.

Mi ò fi ṣòfò. Mo ti kọ̀wé sí gbogbo mọ̀lẹ́bí tí mo jẹ ní lẹ́tà. Akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì tọrọ díẹ̀, ó fi kọ ìkéde ìgbéyàwó. Tèmítọ́pẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ya ewúrẹ́ wa sí ọ̀kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pálọ̀, ewúrẹ́ náà jọ ara rẹ̀.

Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ rán awakọ̀ Fájuyì sí wa, fún oògùn orúnkún màmá rẹ, àti fún òwú, nítorí pé páálí kan ṣì kù tí mi ò tíì bá ọ tún ṣe. Kí Ọlọ́run tó rí gbogbo ohun tó pamọ́ fi ojú rẹ rí ìwé tí ò ń wá. Kí ó fún ọ ní ṣọ́ọ̀bù náà, kí ó kún fún ènìyàn. Ẹkún kò ní jẹ́ tìrẹ mọ́, láṣẹ Jésù.

Ewé kan ṣoṣo ló kù nínú ìwé tí o fún mi. Màmá rẹ fẹ́ fi wé ẹ̀pà, mi ò gbà fún un. Mo ká a sínú àpò lẹ́tà yìí, mi ò kọ nǹkan kan sí i, ó mọ́ tónítóní bí ó ṣe wà. Ìwọ ni mo fi í sílẹ̀ fún, kí o fi dá mi lóhùn, nítorí pé ó ti pẹ́ tí mo ti rí ìwé tí o fọwọ́ ara rẹ kọ. Jọ̀wọ́, ọmọ mi, má dá a padà sí mi ní funfun lásán.

Èmi ni bàbá rẹ,
Akínyẹlé.