Òróró Lórí Ọ̀bọ Inú Ìwé Àdúrà

Ọjọ́ Ajé

Ṣé ẹ̀mí àìmọ́ lè gbé inú àwòrán ọ̀bọ? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n sùn.

Lánàá, mo yá ìwé ní láíbìrárì lọ sí kíláàsì Bíbélì tí mo ń kọ́ ní Stone Mountain, ní Amẹ́ríkà níbí, kí wọ́n lè rí ẹ̀dà àdúrà tí àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ tí kì í gbéyàwó, tí ń gbé ilé ìsìn, fọwọ́ kọ láyé àtijọ́. Alàgbà ìjọ wa tajú kán rí ọ̀bọ tí wọ́n yà sí etí àdúrà. Ó ní ẹ̀mí àìmọ́ wà nínú rẹ̀, ó sì da òróró àdúrà lé e.

"Sister, ọ̀bọ lo fẹ́ ká máa sìn?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìwé oníwé ni."

Ó ní n kò gbọdọ̀ kọ́ni mọ́ títí n ó fi ronú pìwà dà. Àwọn tó ya ọ̀bọ yẹn gbàdúrà jù wá lọ, wọ́n sì tún ráyè fi í ṣẹ̀fẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Mo fẹ́ bi í pé ta ló dá ọ̀bọ, ṣùgbọ́n gbogbo kíláàsì ti ṣe àmín. Àmín yẹn ló dùn mí jù.

N kò ní ronú pìwà dà. Ojúmọ́ ti mọ́, mo pa iná.