Kọ̀ǹpútà Ìlú Mẹ́ta Kò Bàjẹ́

Ẹgbẹ́ Àgbẹ̀ Ìlú Mẹ́ta,
Ilé Ìpàdé, Odò Ọjà,
Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

18 Oṣù Kẹwàá, 1993.

Akọ̀wé Àgbà,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Pín Ẹ̀rọ fún Ẹgbẹ́ Àgbẹ̀,
Àkúrẹ́,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌBẸ̀BẸ̀ KÍ Ẹ MÁ ṢE GBÉ KỌ̀ǸPÚTÀ TUNTUN KÚRÒ NÍ ÌKẸ́RẸ́ NÍ ÌPARÍ OṢÙ YÌÍ

1. Orúkọ mi ni Gbádégẹṣin Dúrójayé. Èmi ni mo ń tẹ kọ̀ǹpútà fún Ẹgbẹ́ Àgbẹ̀ Ìlú Mẹ́ta, ìyẹn Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Èmùré. Ìwé kejì ni mo kà dé ní sẹ́kọ́ńdìrì kí n tó lọ bá ẹ̀gbọ́n mi tó ń tẹ̀wé ní Ṣómólú, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí. Mi ò fi ìyẹn pa mọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi gbogbo Ìkẹ́rẹ́ léèrè ẹni tó kọ́kọ́ tan kọ̀ǹpútà lójú wọn, èmi ni wọ́n máa dárúkọ, títí kan àwọn tí kò fẹ́ràn mi.

2. Lẹ́tà yín dé ní ọjọ́ kẹfà oṣù yìí. Ó ní kọ̀ǹpútà tuntun tí ẹ fún wa ti bàjẹ́, ó ní èmi ni mo bà á jẹ́, ó ní ọkọ̀ yín ń bọ̀ wá gbé e lọ́jọ́ tó kẹ́yìn oṣù, kí ẹ lè gbé e fún ẹgbẹ́ ìlú mìíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ka lẹ́tà náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́. Ohun tó ṣe é gan-an kò tíì yé mi tán, ṣùgbọ́n màá tò ó fún yín bó ṣe ṣẹlẹ̀.

3. A ti ní kọ̀ǹpútà kan tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó ló rà á lọ́dún 1988, ó sì wà ní Ìsẹ̀. Ọpọlọ inú rẹ̀, tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní prósẹ́sọ̀, 286 ni. Orúkọ gbogbo àgbẹ̀ wa wà níbẹ̀, pẹ̀lú oko kálukú àti ohun tó gbìn sí i, inú rẹ̀ la sì ti ń wo ẹni tí irúgbìn kàn. Ó ti ń dákú lẹ́nu iṣẹ́ báyìí, ìdí nìyẹn tí ẹ fi fún wa ní òmíràn, a sì dúpẹ́. 486 ni prósẹ́sọ̀ ti tuntun yìí. Dísìkì méje bá a wá, inú wọn ni sísítẹ̀mù wà, ìyẹn ohun tó ń jí kọ̀ǹpútà tó sì ń fi iṣẹ́ hàn án. Pírińtà kan tún bá a wá, pẹ̀lú ìwé ńlá kan.

4. Lọ́jọ́ tí ẹrù náà dé, nínú oṣù kẹfà, ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé jọ. Àríyànjiyàn fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ lórí ibi tó máa wà. Alága wa, Bàbá Adéníran, ló parí rẹ̀. Wọ́n ní, “Ohun tó bá dé bá ọmọ ìyá mẹ́ta, kì í sùn sí ulé ẹnì kan.” Bí ọdẹ mẹ́ta tó jọ pa ẹran ṣe ń pín in náà ni wọ́n ṣe pín in. Ìkẹ́rẹ́ gbé ẹ̀rọ. Ìsẹ̀ gba dísìkì méje. Èmùré gba pírińtà àti ìwé. Kò sẹ́ni tó bínú. Wọ́n gbàdúrà, a jẹyán, oníkálukú gbé ìpín tirẹ̀ lọ.

5. Ìsẹ̀ ní kò sí bí àwọn ṣe máa ní dísìkì tuntun kí àwọn má lò ó, wọ́n ní kí n wá fi sínú ẹ̀rọ àtijọ́ tó wà lọ́dọ̀ àwọn. Mo lọ. Mo ki èyí àkọ́kọ́ bọ̀ ọ́, ó kọ Gẹ̀ẹ́sì sójú, ó ní prósẹ́sọ̀ yìí kò tó òun. Mo rò pé iná ni kò ká a. A dúró kí iná gbóná dáadáa, ọ̀rọ̀ kan náà ló sọ. Mo to dísìkì náà láti orí èkíní dé èkeje, mo tún tò ó láti orí èkeje padà. Ìyá Mojírádé tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ yàrá náà bi mí pé ṣé dísìkì ló kọ ẹ̀rọ ni àbí ẹ̀rọ ló kọ dísìkì. Mo tún ki èkíní bọ̀ ọ́. Wọ́n ní ó dà bíi pé ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù nìkan ni mo gbá ní Ṣómólú.

6. Mo wá ro ó pé bí tuntun kò bá gba àtijọ́, àtijọ́ lè gba tuntun. Mo mú dísìkì tí a fi ń jí 286 láti Ìsẹ̀, mo ki í bọ 486 ní Ìkẹ́rẹ́. Ó jí. Ó béèrè pé ọjọ́ wo là wà àti pé aago mélòó ló lù, bí ẹni tó ti sùn pẹ́. Inú mi dùn débi pé mo pe àwọn aládùúgbò. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kó ṣí dísìkì ńlá tó wà nínú ara rẹ̀, ó ní òun kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ilé ńlá ni, ó sì wà nínú ilé náà, síbẹ̀ kò rí yàrá kankan. Ibi tó ti dàrú mọ́ mi lójú nìyí. Sísítẹ̀mù tuntun ní ọpọlọ àtijọ́ kéré sí òun. Sísítẹ̀mù àtijọ́ bá ọpọlọ tuntun sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò mọ inú rẹ̀ dé ìdí. Èmi tí mo wà láàárín, mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ bẹ̀.

7. Àárín ìyẹn ni Ọ̀gbẹ́ni Olúrẹ̀mí Fọlọ́runṣọ́ dé láti ọ́fíìsì yín, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹsàn-án. Wọ́n dé Ìsẹ̀, wọ́n rí ẹ̀rọ kan tó ń kọ dísìkì. Wọ́n dé Ìkẹ́rẹ́, wọ́n rí ẹ̀rọ kan tí kò rí inú ara rẹ̀. Gbogbo ìbẹ̀wò náà kò tó àkókò tí èèyàn fi ń sun iṣu kan. Wọ́n béèrè ìwé tí mo kà, mo sọ fún wọn. Wọ́n ní, “Ta ló ní kí ìwé kejì fọwọ́ kan 486?” Wọ́n wọ mọ́tò. Ohun tí wọ́n kọ fún yín nìyẹn.

8. Lẹ́yìn tí lẹ́tà yín dé, mo gun ọ̀kadà lọ sí Èmùré lọ wo ìwé náà. Inú àpótí Ọ̀gbẹ́ni Bọ́lárìnwá, tó ń tọ́jú ìpín Èmùré, ló wà, nínú ọ̀rá tó bá wá, kò sẹ́ni tó tíì tú u. Wọ́n ní ìpín ìlú ni, àwọn kò fẹ́ kó dọ̀tí. Ìyáàfin Morónkẹ́ Bánjọ, tíṣà tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ wa, bá mi kà á. Ojú ewé kẹsàn-án ni ọ̀rọ̀ náà wà. Sísítẹ̀mù inú dísìkì méje yẹn kì í ṣiṣẹ́ lórí prósẹ́sọ̀ tó bá kéré sí 386. Irú 486 ni wọ́n ṣe é fún. Ìyáàfin Bánjọ pa ìwé náà dé, wọ́n ní, “Gbádégẹṣin, ìwé yìí ti mọ̀ láti oṣù kẹfà.”

9. Ohun kan kù tí Ọ̀gbẹ́ni Fọlọ́runṣọ́ kò mọ̀. Lọ́jọ́ ìpín, Ìyáàfin Bánjọ béèrè bóyá ó ṣeé pín. Gbogbo ilé kọjú sí mi. Mo dìde dúró. Mo ní kí wọ́n pín in bó ṣe wù wọ́n, mo ní kò sí dísìkì tí mi ò lè fi jí kọ̀ǹpútà. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ká ní mo sọ pé mi ò mọ̀ ni, Bàbá Adéníran ì bá dúró, nítorí èmi ni wọ́n ń wò. Nítorí náà bí ẹ bá ní ẹnì kan jẹ̀bi, mi ò jiyàn. Àmọ́ ẹ̀bi kì í ṣe ìbàjẹ́. Ẹ̀rọ náà wà bí ẹ ṣe gbé e wá.

10. Ẹ lè ní kí ló dé tí mi ò kàn lọ kó dísìkì náà wá. Mo lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ìsẹ̀ ní bí ìpín àwọn bá dé Ìkẹ́rẹ́, kò ní padà mọ́, pé ẹni tó ní orí tó tún gba itan, kí ló fẹ́ kù fún ẹlòmíràn? Wọ́n ní àfi bí ìwé bá ti Àkúrẹ́ wá. Mi ò lè dá wọn lẹ́bi. Èmi fúnra mi ni mo sọ fún wọn pé ó ṣeé pín.

11. Ohun tí mo ń tọrọ kò pọ̀. Ẹ kọ ìwé kan sí ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ sọ níbẹ̀ pé ẹrù kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀, pé ẹ̀rọ, dísìkì àti ìwé kò gbọdọ̀ ya ara wọn, kí wọ́n sì jókòó sọ ilé tó máa wà. Bó bá jẹ́ Ìsẹ̀, ó dára. Bó bá jẹ́ Èmùré, màá máa gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀. Kí ẹ sì jẹ́ kí Ọ̀gbẹ́ni Fọlọ́runṣọ́ padà wá kí oṣù tó parí, kí wọ́n jókòó tì wá, kí a ki dísìkì méje náà bọ̀ ọ́ lójú wọn. Mi ò búra fún yín pé ó máa jí. Mo ti búra lẹ́ẹ̀kan, ẹ sì rí ibi tó gbé wa dé. Ohun tí ìwé sọ nìkan ni mo mọ̀.

12. Bí ó bá jí, tí ẹ sì tún rí i pé kò yẹ kí n wà níbẹ̀, ẹ yọ mí, ṣùgbọ́n kí ẹ fi ẹ̀rọ sílẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀. Mo ti bá Ìyáàfin Bánjọ sọ ọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ni yóò máa ka ìwé sókè, èmi yóò máa fi dísìkì sí i, mi ò sì ní fi èyí tó kàn sí i àyàfi tí wọ́n bá kà á dé ibẹ̀.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín, tí ń retí ìwé yín,

Gbádégẹṣin Dúrójayé,
Atẹ-kọ̀ǹpútà, Ẹgbẹ́ Àgbẹ̀ Ìlú Mẹ́ta.