Ìmọ́lẹ̀ Lésà Tí Wọ́n Tàn Sínú Gbòǹgbò Eyín Mi

Búlọ́ọ̀kù 31, Ẹ́sítéètì Jakande,
Ìlasan, Lẹ́kkí,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2019.

Alága Ìgbìmọ̀ Tó Ń Gbọ́ Ẹ̀sùn,
Ilé Ìtọ́jú Eyín Ìtura,
Ìkàtẹ́ Ẹlẹ́gùṣí, Lẹ́kkí,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ EYÍN TÍ WỌ́N DÍ PA, TÍ N KÒ SÌ MỌ̀ BÓYÁ WỌ́N TỌ́JÚ RẸ̀

1. Ọmọ Ìkìrun ni mí. Táìsì ni mo ń tẹ́ nínú àwọn ilé tí wọ́n ń kọ́ lápá Ajah. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi kọ̀wé yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti tojú sú mi.

2. Lóṣù tó kọjá, eyín mi kan jẹrà dé gbòǹgbò, n kò lè jẹun, n kò lè sùn. Mo wá sọ́dọ̀ yín, Dókítà Adébùkọ́lá sì gún mi lábẹ́rẹ́ títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi fi kú. Wọ́n fi awò dúdú bò mí lójú, wọ́n ní àwọn fẹ́ ti lésà bọ gbòǹgbò eyín náà. Mo gbọ́ tí nǹkan ń dún kẹ́kẹ́kẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n dí i fúngbà díẹ̀, wọ́n ní kí n padà wá.

3. Àwa tí à ń tẹ́ táìsì náà ní lésà. Ìlà pupa ni à ń fi í tàn sára ògiri ká lè mọ ibi tó gún àti ibi tó wọ́. Tí a bá tàn án, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọn ibi iṣẹ́ ni, iṣẹ́ gan-an kò tíì bẹ̀rẹ̀. Lésà tiwa kò lè pa èèrà. Èmi rò pé wọ́n kàn wọn eyín mi ni, pé bí mo bá padà ni wọ́n máa kó ìdọ̀tí inú rẹ̀.

4. Mo padà lọ, wọ́n sì dí eyín náà pa. Mo ní ìdọ̀tí ńkọ́? Dókítà ní lésà ti pa àwọn kòkòrò náà lọ́jọ́sí, omi sì ti fọ̀ wọ́n jáde. Mo bínú kúrò níbẹ̀.

5. Ohun tó rú mi lójú jù ni pé eyín náà kò dùn mí mọ́. Mo ti fi jẹ ẹran, kódà mo fi fọ́ eegun. Bí wọn kò bá ṣe nǹkan kan, ta ló gba ìrora náà lọ? Bí wọ́n bá sì ṣe é, báwo ni ìmọ́lẹ̀ ṣe ń pa kòkòrò? Ọ̀gá mi ní sáìtì, Ọ̀gbẹ́ni Olúdélé, ní wọ́n sé kòkòrò mọ́ ibẹ̀ láàyè ni, pé kí n tètè lọ yọ eyín náà.

6. Bó bá jẹ́ tèmi nìkan ni, ǹ bá dákẹ́. Eyín ti mú Fàrídátù ìyàwó mi náà báyìí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wú dé abẹ́ ojú, ara rẹ̀ ń gbóná, ẹ̀rù sì ń bà mí. Mo ní kó wá sọ́dọ̀ yín, ó ní: "Ẹ̀yin tí wọ́n ṣe é fún, ẹ ò mọ̀ bóyá wọ́n ṣe é. Ibo lẹ wá ń rán mi lọ?"

7. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí dókítà ya fọ́tò gbòǹgbò eyín mi, kí wọ́n fi hàn wá, kí wọ́n sì là á yé wa. Ẹ má wulẹ̀ fi èsì ránṣẹ́ sílé. Ìyàwó mi gbà láti tẹ̀ lé mi dé géètì yín, kò gbà láti wọlé. Ibẹ̀ la jókòó sí báyìí tí mo ń kọ lẹ́tà yìí, ó gbé orí lé èjìká mi. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnì kan jáde wá bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọ̀gá.

Èmi ni tiyín tí ọ̀rọ̀ rú lójú,
Abdulafeez Gbádégẹṣin,
Oníṣẹ́ táìsì.