Táyà Yìnyín àti Ẹṣin Orí Òkè

Abúlé Tochinai,
Akita,
Japan.
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù karùn-ún.

Mitsue, àbúrò mi tòótọ́,

Ṣé àlàáfíà lo wà níbẹ̀ yẹn? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti ń fún un nísinmi? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ ti ń gbé fáànù jáde ní Kagoshima yín, nígbà tí èmi ṣì ń sùn lábẹ́ kúbùsù méjì. Má wulẹ̀ sọ pé kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ yín. Mo ti mọ orin yẹn.

Ara mi le koko. Látìgbà tí Bàbá Kazuma ti kú lẹ́yìn ọdún tuntun ni gbogbo yín ti ń fi ohùn jẹ́jẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Ó tó gẹ́ẹ́. Àárò ọkọ mi ń sọ mí, n kò ní purọ́ fún ọ, pàápàá tí mo bá bu oúnjẹ tán tí mo wá rí i pé mo tún ti bu tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ fún ọ lónìí, ẹ̀rín ni yóò pa ọ́.

Ṣé o rántí ẹṣin orí òkè? Yìnyín tó máa ń ṣẹ́kù sára òkè ẹ̀yìn abúlé wa bí ẹṣin tó dúró, nígbà tí ìyókù bá ti yọ́, èyí tí bàbá wa máa ń wò kó tó da irúgbìn ìrẹsì? Bàbá Kazuma kì í yọ táyà yìnyín, èyí tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ yọ̀ lórí yìnyín, kúrò lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ wa àfi tí yìnyín ọrùn ẹṣin yẹn bá yọ́ tí ọrùn já, torí ó ní ṣáájú ìgbà yẹn, yìnyín ṣì lè bọ́. Wọ́n máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, torí pé kété tí oòrùn bá ti ràn dáadáa lọ́jọ́ Àìkú kan ni kálukú ti máa ń gbé jáàkì jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́dún yìí. Ọ̀gbẹ́ni Onodera, aládùúgbò wa, pààrọ̀ tiẹ̀ tán, ó nu ọwọ́, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi.

"Ìyá Kazuma, ṣé táyà yìnyín lẹ fẹ́ fi lọ wo òdòdó ìgbà ìrúwé ni?"

"Ẹ máa fi tiyín lọ," mo ní. "Ọrùn ẹṣin ò tíì já."

Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi wúkọ́.

Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, Kazuma wa ọkọ̀ rẹ̀ gba orí òkè wá láti Sendai. Mo se ewé òkè tuntun fún un. Ó jẹ ẹ́ tán, ó nu ẹnu, ó sì nawọ́ sí mi. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Ìyàwó mi ti tún yàrá kan ṣe fún yín."

Mitsue, rò ó wò. Bọ́ọ̀sì ti ṣíwọ́ àtiwá sí abúlé yìí. Ẹni tó bá gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mi ti gba ilé mi nìyẹn, ó gba oko ẹ̀fọ́ mi, ó gba ibojì ọkọ mi tí mo ń lọ fọ̀. Mo bi í pé kí ni mo ṣe. Ó nawọ́ síta.

"Ẹ wo ẹsẹ̀ ọkọ̀ yín. Gbogbo abúlé ti pààrọ̀ táyà, tiyín nìkan ló kù. Bàbá ló ń ṣe é, Bàbá ò sì sí mọ́. Ta ló fẹ́ máa bá yín ṣe é?"

"Ọrùn ẹṣin ò tíì já."

"Ẹṣin kẹ̀?" Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ti ń yí. Ìyẹn ló dùn mí jù. Mo gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì láàárín wa, mo ní ká sùn ná, ilẹ̀ á mọ́.

Ilẹ̀ mọ́ lóòótọ́, yìnyín sì ti bo kókósẹ̀! Kazuma, tí iṣẹ́ ń dúró dè ní Sendai, kó sínú ọkọ̀ rẹ̀ tó ti fi táyà ìgbà ooru sí. Kò tíì sọ gẹ̀rẹ́gẹ́rẹ́ iwájú ilé wa tán tí ọkọ̀ fi yọ̀ tẹ̀rẹ́, ó lọ fẹnu gún ọgbà àlùbọ́sà Onodera. Kò sóhun tó ṣe é, ojú nìkan ló tì í. Onodera jáde, ó wo ọgbà rẹ̀, ó sì wo táyà tiẹ̀ náà.

Mo mú kọ́kọ́rọ́ mi lórí tábìlì. "Wọ ọkọ̀, jàre. Rélùwéè ò ní dúró dè ọ́."

Mo wà á wọ́ọ́rọ́wọ́ dé ibùdókọ̀ ojú irin. Ọmọ tó fẹ́ gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mi di irin òkè fèrèsé mú títí a fi dé. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó tẹrí ba fún mi dáadáa. "Màmá, ẹ rọra wà á padà o." Kò dárúkọ kọ́kọ́rọ́.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ọrùn ẹṣin já. Onodera fẹ́ wá ràn mí lọ́wọ́, mo ní kó lọ tún ọgbà rẹ̀ ṣe. Mo kọ́kọ́ dẹ nọ́ọ̀tì kí n tó fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, bí Bàbá Kazuma ṣe ń ṣe é. Ọ̀kan kọ̀ jálẹ̀. Mo gun orí sípánà, mo fò sókè níbẹ̀, èmi arúgbó yìí! Ó ké ganran-in, ó sì yí.

Nígbà tí mo ṣí aṣọ lórí táyà ìgbà ooru, mo rí ọwọ́ ìkọ̀wé ọkọ mi. O mọ̀ pé a máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ibi tí táyà ti kúrò sí i lára: ọ̀tún iwájú, òsì ẹ̀yìn. Ó kọ ọ́ ṣáájú kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀, kò mọ̀ pé kì í ṣe òun ni yóò kà á. Mo jókòó sórí táyà náà, mo sunkún dáadáa. Lẹ́yìn náà mo fi ọ̀kọ̀ọ̀kan síbi tó ní kí n fi í sí.

Kazuma wá gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó yí ọkọ̀ mi ká, ó fọwọ́ mi gbogbo nọ́ọ̀tì, kò sí èyí tó mì.

"Ta ló bá yín ṣe é?"

"Bàbá rẹ ni," mo ní, mo sì fi ṣọ́ọ̀kì náà hàn án. Ó lóṣòó tì í, ó kà á láti táyà dé táyà. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó ní, "Màmá, lọ́dún tó ń bọ̀, tí ọrùn ẹṣin bá já, ẹ pè mí kí n tó yọ tèmi."

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì sọ fún àwọn ọmọ pé mo ń fi ewé òkè gbígbẹ ránṣẹ́. Hẹ̀n-ẹ́n, mo ti fẹ́ gbàgbé. Mo ti fọ iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà kí yìnyín lè yọ́ kúrò lára táyà yìnyín, mo dín afẹ́fẹ́ inú wọn kù díẹ̀, mo tò wọ́n lérí ara wọn sórí pákó nínú ilé ẹrù. Òjò ti fọ ọwọ́ ìkọ̀wé Bàbá Kazuma dànù lára táyà tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó da aṣọ bo àwọn ti inú ilé, mo mú ṣọ́ọ̀kì rẹ̀, mo kọ tèmi sí wọn lára: ọ̀tún iwájú, òsì ẹ̀yìn. Gàdàgbà ni mo kọ ọ́, kí n lè rí i láìlo awò. Tó bá di oṣù kọkànlá tí yìnyín ń padà bọ̀, èmi ni n ó kà á.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ tó ṣì ń wakọ̀,
Chizuru.